Olóògbé Ràṣídì Yẹkínì: Ẹ̀bùn Ọmọdé àti Iṣẹ́ Àgbà

Àwọn Yorùbá gbà pé ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì jinlẹ̀ lọ́kàn òbí. Nítorí rẹ̀ ni bàbá kan ní Kubwa tàbí ní Nyanya, ní agbègbè Olú-ìlú Abùjá, ṣe ń dúró sí etí pápá eléruku ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí ó ń wo ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá bí ó ti ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń rò ó lọ́kàn pé oríire ti wọlé dé. Nítorí rẹ̀ kan náà ni bàbá mìíràn, tí ọmọ tirẹ̀ kò lè sáré bí àwọn yòókù, ṣe ń pàṣẹ pé kí ọmọ náà jókòó ti ìwé rẹ̀, nítorí pé eré ìdárayá kò sí nínú kádàrá rẹ̀. Àwọn bàbá méjèèjì ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé Ràṣídì Yẹkínì, ọmọ Ìrá tí a bí sí Kàdúná, jẹ́ ẹ̀rí kan tó yẹ kí àwọn méjèèjì gbọ́ dáadáa.

Kí a tó wọ inú ìtàn náà, ó yẹ kí a rántí ohun tí ojú rí ní Abùjá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, ọdún 2009. Ní ọjọ́ náà ni a gbá àṣekágbá ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ ní pápá ìṣeré ńlá ti orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà ni ó gba àwọn àlejò gbogbo ayé ní ọdún náà, àwọn ọmọ rẹ̀, Golden Eaglets, ni ó sì kojú Swítsàlandì. Àmì ayò kan péré ni Swítsàlandì fi borí, Haris Seferovic ni ó sì fi orí kan bọ́ọ̀lù náà wọ inú àwọ̀n. Síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà, Sani Emmanuel, ni wọ́n fún ní Bọ́ọ̀lù Wúrà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó ta gbogbo wọn yọ. Àwọn tó jáde kúrò ní pápá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti rí ọjọ́ ọ̀la, bí wọ́n ti rò.

Ọdún gorí ọdún. Granit Xhaka, Ricardo Rodriguez àti Seferovic, tí wọ́n jẹ́ ọmọdé ní Abùjá lọ́jọ́ náà, wọ aṣọ orílẹ̀-èdè wọn ní ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn àgbà ní 2014, ní 2018 àti ní 2022. Nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, Ogenyi Onazi, Kenneth Omeruo àti Ramon Azeez dé ìdíje ti 2014. Ṣùgbọ́n orúkọ Sani Emmanuel, tí ó gba Bọ́ọ̀lù Wúrà, kò sí nínú ẹgbẹ́ Super Eagles tó lọ sí ìdíje Àgbáyé kankan. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pòórá kúrò lẹ́nu aráyé. Ìbéèrè tó dìde láti inú èyí kò ṣòro láti béèrè, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti dáhùn: ẹ̀bùn ara tí ó hàn lára ọmọdé, ṣé ó máa ń bá a dàgbà?

Ràṣídì Yẹkínì kò gba ọ̀nà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà rárá. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, ọdún 1963, ni a bí i ní ìlú Kàdúná. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìrá, ìlú Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, èyí tí ìtàn so mọ́ orúkọ Ọya. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mìíràn, wọ́n ti gba òkè lọ wá oúnjẹ òòjọ́, ọmọ wọn sì dàgbà láàárín àwọn Hausa àti oríṣiríṣi ẹ̀yà tó kún ìlú náà. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ ní ìdálẹ̀ mọ bí èyí ti rí. Yorùbá ni ọmọ ń gbọ́ nínú ilé; bí ó bá ti fi ẹsẹ̀ kan àbáwọlé, èdè mìíràn ni yóò fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Bọ́ọ̀lù nìkan ni kò béèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní àkókò tí Yẹkínì wà ní ọmọdé, kò sí ìdíje àgbáyé kankan fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17. Ọdún 1985 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ wáyé. Kò sí aṣojú ẹgbẹ́ Yúróòpù tí ń káàkiri àwọn pápá eléruku láti wo ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kàdúná nígbà náà jẹ́ ìlú iṣẹ́ aṣọ híhun, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni UNTL, ilé-iṣẹ́ aṣọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ìhà Àríwá. Inú ẹgbẹ́ UNTL ni Yẹkínì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní 1981, nígbà tí ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ fún un ní aṣọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè.

Ní 1982 ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìbàdàn, tí ó dara pọ̀ mọ́ Shooting Stars, ẹgbẹ́ tó ti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà kan wálé ní 1976. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà mọ̀ pé òun ti bọ́ sí àárín àwọn ọ̀gá, pé ìjókòó kò sí fún ọ̀lẹ. Ní ọdún 1984 ó wà lára àwọn tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Adégbóyè Ònígbìndé kó lọ sí ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Ivory Coast, níbi tí Nàìjíríà ti ṣe ipò kejì lẹ́yìn Kamẹrúùnù. Ní ọdún kan náà, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ ọba bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ti Íjíbítì gba ife náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Yẹkínì ti pé ọmọ ogún ọdún. Àwọn ènìyàn rí i pé ó ga, pé ó lágbára, pé ìbọn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rò pé òun ni yóò jẹ́ olórí gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Nàìjíríà.

Láti Ìbàdàn ó kọjá sí Abẹ́òkúta, sínú ẹgbẹ́ Abíọ́lá Babes, tí olóògbé Olóyè Moshood Káṣìmawò Abíọ́lá dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1985. Abíọ́lá yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré ńlá Abùjá ní 2019, pápá tí àwọn ọmọdé ti 2009 ti ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá níwájú pápá náà, kí ó rántí pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó jẹ oúnjẹ láti ọwọ́ Abíọ́lá nídìí bọ́ọ̀lù ni Yẹkínì.

Ọdún 1985 yẹn náà ni ojú gbogbo ayé yí sí àwọn ọmọdé Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ní ìlú Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn Golden Eaglets, tí Nduka Ugbade jẹ́ balógun wọn, na Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní àmì ayò 2 sí 0. Jonathan Akpoborie àti Victor Igbinoba ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà sáwọ̀n. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó tíì gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí. Ayọ̀ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Yẹkínì ń lọ sí ọmọ ọdún 22 nígbà náà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìyìn àwọn ọmọdé sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ka orúkọ àwọn ọmọ tó borí ní Beijing, díẹ̀ ni ó padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ẹgbẹ́ àgbà. Akpoborie jẹ́ ọ̀kan. Ó lọ sí Jámánì, ó sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní 1987, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn ọmọdé Nàìjíríà tún dé àṣekágbá, wọ́n sì pàdánù fún Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà tí a fi bọ́ọ̀lù pẹnáritì yanjú rẹ̀. Philip Osondu gba Bọ́ọ̀lù Wúrà níbẹ̀, ó sì bọ́ sí ẹgbẹ́ Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀mù. Gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni yóò jẹ́ ọba lọ́la. Ọ̀la náà dé, ṣùgbọ́n kò bá a lórí ìtẹ́.

Ọ̀ràn mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a fi bò. Ní 1989 ni FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní gbogbo ayé, fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú àwọn ìdíje ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní ìdíje kan kò bá èyí tí a kọ fún wọn ní òmíràn mu. Wọ́n sì gba ìdíje ọ̀dọ́ ti 1991 tí Nàìjíríà ìbá gbàlejò, wọ́n gbé e fún Pọ́túgà. Ní ìdíje 2009 ni FIFA kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara wo ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ, láti mọ̀ bí egungun wọn ti gbó tó. Nígbà tí géńdé bá wọ àárín ọmọdé, ó dájú pé òun ni yóò yára jù, òun ni yóò lágbára jù. Ohun tí a ń pè ní ẹ̀bùn nígbà náà kì í ṣe ẹ̀bùn, ọdún ni. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tòótọ́ bá sì dé, ọdún náà kò tún ní èrè mọ́.

Kódà níbi tí kò sí irọ́, ọdún a máa tan ojú jẹ. Àwọn onímọ̀ nípa eré ìdárayá ti ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kí ọ̀kan ti bàlágà, kí ohùn rẹ̀ ti kì, kí iṣan rẹ̀ sì ti le, kí èkejì sì tún wà bí ọmọ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Èyí tó tètè dàgbà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò mú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, èkejì yóò bá a dé ibi tó wà, ó sì lè kọjá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a rí i pé níbi tí a bá ti ń fi ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní pín ọmọ sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tí a yàn, nítorí pé wọ́n fi oṣù púpọ̀ dàgbà ju àwọn tí a bí ní ìparí ọdún lọ. Yẹkínì, tí a bí ní oṣù Kẹwàá, ìbá wà lára àwọn kékeré nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2023, tí ó kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ jọ, fi hàn pé nínú àwọn ọ̀dọ́ ọdún 17 tàbí 18 tó ti ń ṣojú orílẹ̀-èdè wọn, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kò dé irú ipò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n di àgbà. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó sì dé ipò náà ní àgbà, wọn kò sí níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́.

Èyí gan-an ni ìtàn Yẹkínì fi hàn. Ní 1987 ó kọjá sí Abidjan, sínú ẹgbẹ́ Africa Sports, ó sì lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ní 1990, nígbà tí ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún 27, ó dé Pọ́túgà, sínú ẹgbẹ́ Vitória tó wà ní ìlú Setúbal. Ọjọ́ orí tí àwọn mìíràn ti ń ka ara wọn sí àgbà iṣẹ́ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Yúróòpù. Kò sì bá nǹkan rọ̀ṣọ̀mù níbẹ̀. Ní òpin ọdún ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ náà já bọ́ sí ìpele kejì. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ìbá ti wá ọ̀nà àbájáde. Yẹkínì dúró. Nínú ọdún ìdíje 1992 sí 1993, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nígbà 34 nínú ìpele kejì náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì padà sókè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, láàárín àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù ní Pọ́túgà, ó gbá 21 wọlé. Kò sí ẹni tó tó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, nínú Benfica, nínú Porto tàbí nínú Sporting.

Bí ó ti rí ní Setúbal náà ni ó rí nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì. Ní ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ti 1992 ní Sẹ̀nẹ̀gà, Yẹkínì ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní 1993, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ Nàìjíríà kankan kò tíì gba irú oyè bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹrin 1994, ní Tùnísíà, Nàìjíríà na Sáḿbíà ní 2 sí 1, ó sì gba ife náà wálé. Góòlù márùn-ún Yẹkínì ni ó tún pọ̀ jù nínú ìdíje náà. Orúkọ tí aráyé fún un ní àkókò yìí ni Bàbá Góòlù.

Ọjọ́ tí kò ní parẹ́ ni ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà kò tíì lọ sí ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn àgbà rí. Bọ̀lùgéríà ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Fìnídì George ta bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá níwájú ilé, Yẹkínì sì fi ẹsẹ̀ tì í wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ìdíje náà láti ìgbà tí a ti dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ nìyẹn. Ó sáré wọ inú ilé náà, ó di àwọ̀n mú, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó sì sunkún kíkorò bí ẹni tí ẹrù tó ti pẹ́ lórí ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Gbogbo ayé rí àwòrán náà. Nàìjíríà borí ní 3 sí 0 lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Yẹkínì, ọdún mẹ́tàlá sì ti kọjá láti ìgbà tí ó ti wọ aṣọ UNTL ní Kàdúná.

Àkókò tí ó lò ní ibi gíga náà kò pẹ́. Ní 1994 ó lọ sí ẹgbẹ́ Olympiacos ní ilẹ̀ Gíríìsì, ṣùgbọ́n ara kò tù ú níbẹ̀. Ó kọjá sí Sporting Gijón ní Sípéènì, ó padà sí Setúbal, ó sì lọ sí Zürich ní Swítsàlandì. Ní 1998, ní ọmọ ọdún 34, ó tún wọ aṣọ Nàìjíríà ní ìdíje Àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn èyí ó dé Tùnísíà àti Sáúdí Arábíà, ó tún padà sí Abidjan, sínú Africa Sports rẹ̀ àtijọ́. Ní 2003, nígbà tí ó ti ń lọ sí ogójì ọdún, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger nílé. Ní 2005 ó tún fara hàn fún ẹgbẹ́ Gateway ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Góòlù 37 ni ó gbá fún Nàìjíríà, 13 nínú wọn sì jẹ́ ti ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ó kú, ọmọ Nàìjíríà kankan kò tíì gbá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni kan lè wí pé ọ̀nà Yẹkínì kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo, òtítọ́ sì ni. Nwankwo Kanu, Celestine Babayaro, Wilson Oruma àti Mobi Oparaku jẹ́ ọmọdé tó gba Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọ̀dọ́ ní Jàpáànù ní 1993. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ẹgbẹ́ tó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Kanu tilẹ̀ gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà ẹ̀bùn ọmọdé lè dé ilé àgbà. Ohun tí a kò gbọdọ̀ rò ni pé yóò dá rin ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Isu tó ta dáadáa nínú ebè ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, bí a kò bá ro ó, tí a kò fi igi gbé e sókè, koríko ni yóò jogún rẹ̀. Èyí tó pẹ́ kí ó tó ta, bí àgbẹ̀ kò bá tètè wú u sọnù, ó lè jẹ́ òun ni yóò kún abà.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìtàn náà, òun ló sì dun ni jù. Bí orílẹ̀-èdè bá ń yára yin ọmọdé, ó tún máa ń yára gbàgbé àgbà. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba ife ní Tùnísíà ní 1994, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha ṣèlérí ilé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Ọdún ń yí lu ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí kọ́kọ́rọ́. Yẹkínì, nígbà tí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, padà sí Ìbàdàn, ó sì ń dá gbé níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti yí ká fún ogún ọdún wá di ẹni tí àwọn aládùúgbò nìkan ń rí. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa àìlera rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣe nǹkan kan sí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ó fi ayé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 48. Ìrá, ìlú àwọn bàbá rẹ̀, ni wọ́n gbé e lọ sin ín sí. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Pọ́túgà, Gíríìsì, Sípéènì àti Amẹ́ríkà, padà wá sùn sí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀.

Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ní Abùjá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún àwọn agbábọ́ọ̀lù 1994 tí wọn kò tíì gba ilé ní tiwọn. Ìlérí náà ti pé ọdún 28. Yẹkínì ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ó dára kí a san gbèsè, ó sì dára jù kí a san án nígbà tí ẹni tó ni í ṣì lè ṣílẹ̀kùn.

Fún àwọn òbí Yorùbá tó ń tọ́ ọmọ ní Abùjá, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní ibikíbi tí iṣẹ́ gbé wọn dé, ìgbésí ayé ọmọ Ìrá yìí ní ìmọ̀ràn. Ọmọ tó ń tàn ní ọdún mọ́kànlá, ẹ má ṣe tà á ní ọjọ́ iwájú, ẹ má sì ṣe fi ọjọ́ orí rẹ̀ purọ́. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sinmi, kí ó sì fẹ́ràn eré náà fún ara rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tàn, ẹ má ṣe lé e kúrò lórí pápá, nítorí pé ọjọ́ tirẹ̀ lè wà níwájú. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ojú rẹ̀ mú tó láti rí ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó sì mọ ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún tó wà nínú rẹ̀. Òwe àwọn àgbà nípa Àṣàmú kò purọ́, ṣùgbọ́n òwe mìíràn ń bẹ nílé tó yẹ kí a fi ṣe ìkejì rẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ní í ṣe oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Ràṣídì Yẹkínì fi orí tì í. Gbèsè tó kù wà lọ́rùn àwọn tó ń wòran.